Ta ni Badmos?

Bí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní Côte d'Ivoire ní 1977 bá gbọ́ orúkọ Ernesto Djédjé lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọdún náà ni àwo Ziboté jáde, tí ijó ziglibithy sì gba ìgboro kan. Àwa tí a mọ adùn rẹ̀ kò tíì gbàgbé gìtá tí ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé, àti ìlù àwọn Ziglibithiens tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó.

Èdè Bété ni Djédjé fi ń kọrin. Orin ilẹ̀ baba rẹ̀ tí à ń pè ní tohourou ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì lú u pọ̀ mọ́ rumba Kóńgò àti orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Kí ó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ti ta gìtá lẹ́yìn Amédée Pierre, ó sì ti gbé ilẹ̀ Faransé. Bouaké, níbi tí àdúgbò N'Gattakro wà, ilẹ̀ Baoulé ni (“kro” ni abúlé lédè wọn, bí àwa ti ń sọ pé abà), Baoulé àti Bété kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Orin Djédjé kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹni tí yóò jó o.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, fi sọ́kàn nìyí: Èkó ni a ti gba ohùn Ziboté sílẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ EMI. Ẹni tí ó sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni Raïmi Gbadamassi, tí wọ́n mọ̀ sí Badmos ní Abidjan. Ẹ tún orúkọ náà pè. Ìkọ̀wé Faransé kò lè fi Gbàdàmọ́sí pamọ́ fún etí Yorùbá.

A kò sọ èyí láti gba ògo lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ náà. Tiwọn ni Djédjé, ẹni tí ó kú ní 1983 láìpé ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olóṣèlú wọn gbé ọ̀rọ̀ “ivoirité” dìde lẹ́yìn 1990, tí wọ́n ń ya onílé kúrò lára àlejò, a kò gbọ́ kí wọ́n béèrè ọwọ́ tí ó gbé ijó ìlú wọn jáde. Bouaké mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí: ní September 2002 ìlú náà di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì.

Àwa nílé pẹ̀lú kò sàn jù wọ́n lọ. Èjìgbò kún fún àgbà tí wọ́n lo ìgbà èwe wọn ní Côte d'Ivoire, tí Faransé sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Síbẹ̀ à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bí ẹni pé Yorùbá parí sí ibi tí Òyìnbó fa ààlà sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tọ àwọn àgbà wọ̀nyí lọ pẹ̀lú ìwé àti gègé. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó mú wọn lọ, ọjà tí wọ́n tà, orin tí wọ́n jó. Bí ẹnì kan bá sì ṣì ní àwo Badmos nínú àpótí, kí ó gbé e síta, kí àwọn ọmọ da orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ kọ.