Bí A Bá Fi Ipá Mú Asínwín Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Bí ọmọkùnrin kan ní Ìhunbọ̀ bá ń sá wọ inú igbó lóru, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó sì gbé àdá sókè sí ìyá rẹ̀ nítorí ohùn kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ni kí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ní ara òun dá. Àwọn kan a sì máa wí pé kò tọ́ láti gbé àgbàlagbà lọ sí ibi tí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ ọ́ kì í sábà sùn nínú ilé náà. Àrùn yìí a máa mú òye tí ènìyàn ì bá fi mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn lọ. Nítorí náà, nígbà tí ewu bá dé, ó tọ́ kí wọ́n mú un lọ.

Ìwà tí ń tẹ̀ lé e ni ó sábà ń burú. Ọ̀pọ̀ a máa tàn án pé ọjà Ìlaro ni àwọn ń lọ. Kí ó tó mọ̀, ilẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn, àwọn tí ó mú un wá sì ti wọkọ̀ padà. Bí ó bá délé tán, báwo ni yóò ṣe gba oògùn lọ́wọ́ àwọn kan náà?

Ilé tí ìjọba àmúnisìn ṣí ní Yábàá ní 1907 sún mọ́ túbú ju ilé ìwòsàn lọ. Ṣùgbọ́n ní Aro, ní Abẹ́òkúta, Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní 1954: aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan rẹ̀ kan sì bá a wá, ó ń se oúnjẹ fún un, ó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ wà nítòsí kì í di ẹni ìgbàgbé.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn asínwín. Ó fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n lè pe ìdádúró aláìsàn lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é, bí kò bá sí ẹnìkan nínú ẹbí tí ó mọ̀ bóyá ara ọmọ náà ti yá?

Ọ̀nà jìn láti Ìhunbọ̀ dé Aro, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Kí ẹbí tó di ọmọ náà mú, kí wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún un, bí ó tilẹ̀ ń pariwo. Bí ó bá bọ́ sí ìgbà ìkórè àgbàdo, aládùúgbò lè bá ẹni náà ṣẹ́ tirẹ̀.