Owó Tí A Ń Lẹ Mọ́ Òṣèré Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Awúre

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tíátà, ẹ̀yin òbí wọn, ẹ̀yin òǹwòran: ó ti di òtítọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kò sí òṣèré tí a óò máa lẹ owó mọ́ níwájú orí bí kò bá fi ọṣẹ awúre wẹ̀. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa lára, torí owó tó yẹ kí wọ́n fi ra aṣọ eré, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló ń lọ.

A mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀. Inú egúngún ni iṣẹ́ alárìnjó ti jáde, apidán a sì máa di erè lójú agbo. Ní 1826, Aláàfin fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe arìnrìn-àjò òyìnbó, Hugh Clapperton, lálejò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Òyìnbó yìí rí erè tó ń lanu, tó ń panu dé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni yóò máa ṣe é. Aṣọ ni. Ẹ wo bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò ti kọ́ ìrìn ejò pẹ́ tó, kí ó tó lè jó o lójú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n mọ erè dáadáa! Iṣẹ́ yẹn gan-an la wá sọ di oògùn.

Wọ́n á ní ìbà tí òṣèré ń jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́. Ọmọ tó kí bàbá rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ṣé ó sa oògùn sí i ni?

Wọ́n á ní Hubert Ogunde ńkọ́, tí ọfọ̀ kún inú fíìmù rẹ̀, Ayé, ti 1979. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, níbo ni oògùn wà? Òfin náà kò kúrò títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. Àwọn olè tó da Ọ̀run Móoru, fíìmù Baba Sàlá aláwàdà ti 1982, kọ, tí wọ́n ń tà á káàkiri, kò sí awúre tó dá wọn dúró. Gbogbo ilé ló fẹ́ràn Baba Sàlá, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè.

Ẹ lọ wo ìgbà tí owó ń jáde lápò òǹwòran. Ìgbà tí òṣèré bá ki oríkì ìdílé òǹwòran náà láìṣì í pè ni, tí ìlù sì gbè é. Etí ló gbọ́, inú ló dùn, ọwọ́ ló nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé awúre ló fa owó náà kì í rí ìdí tó fi yẹ kó san owó iṣẹ́. Á pe òṣèré sí òde, á ní, “Ṣebí wọ́n á náwó fún ọ.” Ẹ̀bùn ni owó tí a ń ná fún òṣèré, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ìwọ ọmọ iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mú owó awúre wá kí wọ́n tó fún ọ ní ipa nínú eré, jáde níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánrawò ni kí o wá lọ.