Ọkọ̀ 722: Ẹni Méjì Ló Gbé E Délé

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa bi wá léèrè ọkọ̀ eré ìje tí a gbà pé ó jẹ́ ọ̀gá. Ìdáhùn wa ni Mercedes-Benz 300 SLR, ọkọ̀ àwọn ará Jámánì tó sáré ní 1955.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ná. Sílíńdà mẹ́jọ ni ó tò tẹ̀lé ara wọn, agbára wọn sì tó ti ẹṣin 300. Kò ní kábúrétọ̀. Páìpù ni ó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Nínú ọkọ̀ tiwa, sípíríǹgì ni ó ń ti fáàfù. Bí eré bá pọ̀ jù, sípíríǹgì lè má tètè tì í. Wọ́n yọ ọ́ kúrò: irin ni ó ń ṣí i, irin náà ni ó ń tì í. Páànù fúyẹ́ tí magnesium wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1955, Stirling Moss, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ẹni ọdún 25, gbé e jáde ní Brescia ní Ítálì fún Mille Miglia, eré ẹgbẹ̀rún máìlì, lọ sí Róòmù àti àbọ̀. Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 22 ni ó gbéra; ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ 722 sí i lára. Denis Jenkinson, akọ̀wé ìròyìn onírùngbọ̀n, jókòó tì í. Ó ti kọ kọ́nà àti òkè ojú ọ̀nà sórí ìwé tó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, ó ká a sínú àpótí kékeré. Ariwo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi ń júwe ọ̀nà. Wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni wọ́n fi dé. Kò sí ẹni tó tún sáré tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà Róòmù yẹn títí eré náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1957. Fangio, àgbà awakọ̀, dá nìkan wa irú ọkọ̀ kan náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pé lọ́nà, ó fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 30 wọlé lẹ́yìn wọn.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òótọ́ pamọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, irú ọkọ̀ yìí tí Pierre Levegh ń wà kọlu òmíràn, ó fò sáàárín èrò ìwòran. Èèyàn tó lé ní 80 kú, Levegh náà sì kú. Páànù fúyẹ́ tí a ń yìn yẹn gbiná, omi kò sì pa á. Lóru ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ náà kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ yòókù kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà níwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ó wakọ̀ lọ sílé fún ọdún, ẹ fi ẹni tí kì í sùn jókòó ti awakọ̀, kí ẹ sì rọra. Ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ló kún ojú ìwé tó tẹ̀lé èyí. A kò fẹ́ tẹ ìròyìn òkú ọ̀nà síbẹ̀. Ọ̀nà á gbà yín o.