Ẹ mú àgbà dání lọ sí Ọníkàn

Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń kó ọmọ lọ ṣe fàájì l'Ékòó. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n má gbàgbé Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ọníkàn. Ọdún 1957 ni Kenneth Murray, òyìnbó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa iṣẹ́ ọnà wa jọ, dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran wíwò lásán. Ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ ère lè sọ pé ìbejì nìyí. Kò ní sọ bí ìyá ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó sì ń fi osùn kùn ún lára. Ìyá àgbà tó wà lábúlé ló mọ ìyẹn. Nítorí náà, ẹ mú un dání.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, àti bóyá wọ́n gbà kí èèyàn ya fọ́tò. Ẹ tètè kúrò nílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹ má sáré wo gbogbo rẹ̀ tán. Ohun márùn-ún tí ọmọ gbọ́ ìtàn rẹ̀ yékéyéké sàn ju ọgọ́rùn-ún tó kàn wò kọjá lọ. Kí àgbà sì máa rí ibi jókòó sinmi.

Ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá pè yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn lọ. Ère lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè dájọ́ fún.